Wọ́n ní arọ́ta ni wá: ṣé ọmọ arọ́ta ní ìpín nínú ilé Èkó?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkó. Agbo ilé wa wà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kọ́ntírátọ̀ kan fẹ́ wó o, kó fi kọ́ ilé alájà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó dé, àwọn àgbà ẹbí ní ọmọ arọ́ta ni ẹ̀ka tiwa, pé ẹrú bàbá ńlá àwọn ni bàbá ńlá wa, pé owó ìkẹ́rù, ìyẹn owó tí a fi ń kó ẹrù jáde, nìkan ló kàn wá. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá tó bí i sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí? Ta tiẹ̀ ni àwọn olówó ẹrú yìí, tí ilẹ̀ fi di tiwọn tí kò fi di tiwa?

———

Àǹtí, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan o. Ayálégbé ni wọ́n ń fún lówó ìkẹ́rù. Arọ́ta kì í ṣe ayálégbé, kò sì fìgbà kankan jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Èkó.

Kí n sọ ibi tí mo dúró sí ná. Ìyá tó bí ìyá mi wá láti ilé tó ní arọ́ta ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí náà ìhà àwọn àgbà yín ni ìdílé mi wà. Iṣẹ́ mi sì ni kí n máa bá àwọn lọ́yà wá ìwé ilẹ̀ àtijọ́. Mo ti rí ẹjọ́ bí irú tiyín lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń dùn mí, torí ohun kan náà ni wọ́n máa ń ṣe: tí ilé bá ń jò, gbogbo wa la jẹ́ ọmọ ilé, tí owó bá dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tí wọ́n rà.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti kẹ́yìn jáde. Òṣòdì Tápà ni wọ́n fi ilẹ̀ ibẹ̀ lé lọ́wọ́. Ọmọ Tápà ni, kékeré ló ti dé Èkó, ilé Ọba Òṣìnlókùn ló sì ti dàgbà gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Ìtàn ìdílé rẹ̀ sọ pé ọba rán an dé Brazil, ó gbọ́ èdè Potogí, ó wá di ojú àti ẹnu ọba láàárín àwọn tó ń ra ẹrú. Nígbà ayé Ọba Kòsọ́kọ́, òun ni balógun. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá ja Èkó ní December 1851, ó bá Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún 1862 ni wọ́n padà, ìjọba fún un nílẹ̀, ó sì pín àwọn èèyàn tó kó bọ̀ sí agbo ilé 21. Ọmọ ogun wà nínú wọn, ẹbí wà nínú wọn, ẹrú tí òun náà rà wà nínú wọn. Àwọn ẹrú yẹn àti ọmọ wọn là ń pè ní arọ́ta. Ẹrú ọba rí ni ẹni tó dá agbo ilé yín sílẹ̀. Kí àwọn àgbà yín ronú sí i kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ ẹrú lé ẹnikẹ́ni jáde.

———

Ẹnì kan dáhùn lókè pé àsọdùn ni gbogbo èyí, pé Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun, ló ni ilẹ̀ Èkó, àwọn yòókù kàn wá jókòó lé e ni.

Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Àwọn olóyè onífìlà funfun tí ìtàn pè ní ọmọ Olófin, Àróḿirẹ́, Olúwa, Ọlọ́tọ̀, Ojòrá, Oníru, Oníkòyí, Ẹlẹ́gùṣì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn kí ìdílé ọba tó tan mọ́ Ìbíní tó fìdí múlẹ̀ ní Ìgà Ìdúngánrán, ààfin ọba Èkó. Ọba gan-an kì í fún èèyàn nílẹ̀ Ìdẹ́jọ láìjẹ́ pé Ìdẹ́jọ gbọ́ sí i.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ni ilẹ̀ ń mú wọlé fún onílẹ̀ nígbà náà? Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé á gbé obì àti ọtí lọ, á tọrọ, wọ́n á sì fún un. Ilẹ̀ pọ̀. Èèyàn ni kò pọ̀. Ẹni tí kò ní èèyàn lẹ́yìn, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe? Ta ni yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ lórí ọ̀sà, ta ni yóò gbé ìbọn fún un, ta ni yóò dáko, ta ni yóò jókòó ti igbá ọjà? Èèyàn ni wọ́n fi ń mọ olówó, òwò èèyàn ló sì sọ Èkó di ìlú ńlá. Láti ìgbà Ọba Akínṣemóyìn ni àwọn oníṣòwò Potogí ti ń rìn wọlé dáadáa. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1800 sí 1850, kò sí èbúté mìíràn ní agbègbè òkun wa tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá tó Èkó. Ogun ilẹ̀ Yorùbá ló ń kó wọn wá, ọ̀sà ló ń gbé wọn dé. Ohun tí wọ́n ń gbà dípò wọn ni tábà Bàhíà, ọtí, aṣọ, ìbọn àti owó ẹyọ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n tà sókè òkun. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé ló di apá àti ẹsẹ̀ àwọn olóyè àti olówó ìlú.

Wàyí o, ní January 1852, Ọba Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú ti dópin. Ọ̀pọ̀ gbà pé ibẹ̀ ni ẹrú ti tán. Rárá o. Epo pupa àti ekùrọ́ ló rọ́pò rẹ̀, epo sì ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀: ẹni tí yóò fún un, ẹni tí yóò rù ú, ẹni tí yóò wà á kọjá ọ̀sà. Ẹrú inú ilé wá wúlò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọdún kẹsàn-án sí ìgbà náà, ní August 6, 1861, Ọba Dòsùmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, òfin wọn sì sọ pé kò gbọdọ̀ sí ẹrú lórí ilẹ̀ tó bá jẹ́ tiwọn. Ìgbà yẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní ìwé ilẹ̀. Ẹni tó ní ìwé lè gbé e lọ sọ́dọ̀ òyìnbó oníṣòwò, kó fi ṣe ìdúró, kó gba ọjà àwìn. Bí kò bá sì rí i san, wọ́n á lu ilẹ̀ rẹ̀ ní gbàǹjo.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí. Ní gbèdéke ìgbà tí èèyàn kò ṣeé tà mọ́ ní gbangba ni ilẹ̀ di ohun tó ṣeé tà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sì rí ìwé ilẹ̀ gbà ni àwọn tó ti ní èèyàn rẹpẹtẹ tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn ló ní agbo ilé ńlá, àwọn ló mọ ẹni tó wà ní ọ́fíìsì. Arọ́ta ń gbé inú ilé. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí ìwé. Èyí ni mo fi dáhùn ìbéèrè yín, Àǹtí, pé báwo ni wọ́n ṣe di onílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàbá ńlá yín wà nínú owó tó sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

———

Bọ̀ọ̀dá kan kọ̀wé gígùn pé ẹrú ilẹ̀ wa kò jìyà. Ó ní wọ́n ń fún wọn níyàwó, wọ́n ń jẹun pọ̀, àwọn mìíràn di olóyè, pé òyìnbó nìkan ló ń na ẹrú. Mo mọ̀ pé ìyá ìyá mi náà máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà.

Pé ẹrú kan di Òṣòdì kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún mìíràn. Àwọn baba wa tó wà níbẹ̀ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Ẹrú náà sì ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ẹni tó ń gbádùn kì í sá. Wọ́n sá o! Lẹ́yìn 1861, àwọn ẹrú ń ti òkè wá sí Èkó, àwọn ti Èkó náà ń fi ilé olówó wọn sílẹ̀, débi pé Glover tó ń ṣàkóso ìlú fi àwọn ọkùnrin tó sá, pàápàá àwọn tó ti ilẹ̀ Háúsá wá, dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn bínú sí i gidi lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun ìní ni wọ́n ka àwọn èèyàn yẹn sí.

Obìnrin ńkọ́? Ológun kò gba obìnrin. Àwọn obìnrin sì pọ̀ gan-an nínú ẹrú inú ilé: àwọn ló ń fún epo, àwọn ló ń pa ekùrọ́, àwọn ló ń kiri ọjà. Bí obìnrin bá bímọ fún ọkùnrin ilé náà, ọmọ yẹn dúró sílé bàbá rẹ̀; bí ìyá bá fẹ́ lọ, á fi ọmọ sílẹ̀. Mélòó ló lè ṣe é? Mo rò pé èyí ló ká ọ̀pọ̀ wọn mọ́lé ju ẹ̀wọ̀n lọ, ìtàn tí a ń pa fún ara wa kì í sì í dárúkọ wọn rárá.

Àwọn ọkùnrin tó dúró náà ní ìdí tí wọ́n fi dúró. Ìlú kún, ilé wọ́n, ẹni tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀ kò rí ẹni gbèjà rẹ̀ bí ẹjọ́ bá dé. Wọ́n ní o lè lọ, ibo lo ń lọ? Nítorí náà wọ́n dúró sínú yàrá tí olówó wọn fún wọn, wọ́n ń jẹ́ ẹ nípè, wọ́n ń tẹ̀ lé e lọ síbi ìnáwó, wọ́n ń bá a jà bí ìjà bá dé. Táíwò Olówó, ará Ìṣẹ́rí tó kú ní 1901, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló kó jọ yí ara rẹ̀ ká, ẹrú, ẹni tó sá wá, onígbèsè. Yàrá ni olówó ń fún wọn, òun náà ń gba ìsìn lọ́wọ́ wọn. Àwọn méjèèjì ló ń san nǹkan fún ara wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àánú lásán ni wọ́n fi gbé ibẹ̀.

———

Lórí ọ̀rọ̀ Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò àtijọ́ nì, tí ẹnì kan gbé wá, kíá ni mo fẹ́ kọjá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ta ẹrú, ó sì ní ẹrú púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló fi owó ti Akíntóyè àti Dòsùmú lẹ́yìn, tí wọ́n fi lé e kúrò ní Èkó ní 1856, tí àwọn Ẹ̀gbá sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864. Kí orúkọ rẹ̀ dúró ní Ìta Tinúbú. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tó bá kó ọmọ ilé ìwé lọ síbẹ̀ sọ ìdajì kejì fún wọn. Àwọn èèyàn tó tà náà ní orúkọ.

Ẹnì kan sì béèrè bóyá Sàró, àwọn tó padà wá láti Sierra Leone, àti Àgùdà, àwọn tó padà wá láti Brazil, bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹrú rí tàbí ọmọ ẹrú, wọ́n rí ilẹ̀ ní Olówógbowó àti Pópó Àgùdà, wọ́n kọ́ ilé tó ṣì wà títí dòní. Àwọn kan nínú wọn tún ra èèyàn nígbà tí ọwọ́ wọn le. Ìyà kì í kọ́ gbogbo èèyàn láàánú.

———

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹjọ́, torí lọ́yà kan ti ní ẹjọ́ Olúwa ti yanjú gbogbo rẹ̀, ó ní kí n má da Àǹtí láàmú.

Ẹjọ́ Olúwa kọ́. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ló pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Ó bá Herbert Macaulay lọ sí London ní 1920, ìgbìmọ̀ tó ga jù níbẹ̀ sì dá a láre ní 1921, pé ilẹ̀ àjọni ni, pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ náà pé. Ẹjọ́ ńlá ni, inú gbogbo Èkó dùn sí i, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó parí ni ìjà onílẹ̀ àti ìjọba. Kò sọ bí onílẹ̀ àti arọ́ta yóò ṣe pín owó.

Ẹjọ́ tó kàn yín ni ti Òṣòdì àti Dakolo, tó dé London ní 1930. Ẹ gbọ́ bó ṣe jọ tiyín: ìjọba gba àwọn agbo ilé kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, owó jáde, olóyè Òṣòdì àti àwọn tó ń gbé inú ilé, ọmọ àwọn arọ́ta, dìjọ ń du owó náà. Ìwé tí ìjọba fún wọn ní 1869 lẹ́yìn ikú Òṣòdì Tápà wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ sì sọ pé ìwé yẹn kò sọ ilẹ̀ di irú ti Gẹ̀ẹ́sì, kò pa ẹ̀tọ́ tó wà lábẹ́ àṣà rẹ́. Àwọn èèyàn máa ń ka ìyẹn sí ìṣẹ́gun olóyè. Ẹ̀yin náà lè dúró lé e lórí, nítorí àṣà yẹn kan náà ni kò fún olóyè láṣẹ láti lé arọ́ta tó ń gbé jẹ́ẹ́ jáde kúrò nínú ilé. Ní 1936, wọ́n tún padà síbẹ̀ nínú ẹjọ́ Òṣòdì àti Balógun, lórí títa ilé láìgba àṣẹ olóyè.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán, títí Sir Mervyn Tew fi ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ Èkó, tí ìjọba sì ṣe òfin ní 1947. Òfin kan wà fún Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nìkan. Òmíràn ní arọ́ta nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ ní kí lọ́yà yín ka méjèèjì kó tó bá kọ́ntírátọ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti pàdé lọ́yà tí kò mọ̀ pé wọ́n wà.

———

Ẹ̀gbọ́n kan sọ pé arọ́ta kò lè jẹ olórí ẹbí láé, pé kí ló wá fẹ́ gbà? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀tọ̀ ni oyè, ọ̀tọ̀ ni ilé. Bí ìdílé yín bá ní ẹni tí ẹ ń fi joyè, ẹ fi ẹni tí àṣà yín bá mú jẹ. Mi ò bá yín jà lórí fìlà. Yàrá tí wọ́n ti gbé fún ìran mẹ́rin, tí wọ́n ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ fún kánsù, kì í ṣe fìlà.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 42, sọ pé a kò gbọdọ̀ torí irú ìbí tí wọ́n bí ọmọ Nàìjíríà fi nǹkan dù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wí kí ìwé òfin tó dé: bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ.

Mo bá ẹ̀gbọ́n náà fara mọ́ ohun kan. Kò yẹ kí ẹ̀ka arọ́ta ti ìdílé kan wá pa irọ́ pé àwọn ni ọmọ bíbí inú ẹni tó kọ́kọ́ gba ilẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yí ìwé ìtàn ìdílé, ìyẹn sì ba ẹjọ́ wọn jẹ́ níwájú adájọ́. Ẹ kò nílò irọ́ náà. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ra bàbá ńlá wa, ibí ni wọ́n fi í sí, láti ìgbà náà a kò kúrò.

———

Àǹtí béèrè ohun tí wọn yóò ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ lọ wá ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe èyí tí àwọn àgbà ń jù lójú yín, ẹ̀dà tó wà nínú ìwé ìjọba ní Alausa. Ẹ wo orúkọ ta ni ó wà níbẹ̀ àti bóyá wọ́n kọ ọ́ pé ó dì í mú fún àwọn mìíràn. Ẹ kó ríìsíìtì owó ilé jọ, ti kánsù àtijọ́ àti Land Use Charge, pàápàá èyí tó bá jáde lórúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ka yín. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí wọ́n sin sí agbo ilé sílẹ̀, kí àgbàlagbà kan láti òde ẹ̀ka yín jẹ́rìí sí i. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ ya àwòrán ibi tí yàrá yín dé, kó tó di pé wọ́n wó o. Ilé tí wọ́n bá ti wó kò ní ẹ̀rí mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí kọ́ntírátọ̀ fúnra rẹ̀, kó má ṣe sí ẹbí nìkan. Láti ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni ilé ẹjọ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí olórí ẹbí bá dá ilé ẹbí tà láìbá àwọn olórí ẹ̀ka sọ ọ́, wọ́n lè ní kí adájọ́ fagi lé e. Owó kọ́ntírátọ̀ lè wọlé tán kí ó tó gbọ́ èyí, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ ní kùtùkùtù. Bí ó bá gbọ́n, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ fún àwọn àgbà yín pé kí wọ́n pè yín jókòó.

Tí ẹ bá wá jókòó, ìjà yóò kúrò lórí bóyá ẹ ní ìpín, yóò bọ́ sórí bó ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á ní ìdí-igi ni ká fi pín in, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ìpín kan, nítorí àṣà ni, ilé ẹjọ́ sì ti gbà á nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Bí ẹ̀ka yín bá pọ̀ lórí, á wù yín kó jẹ́ orí-ò-jorí, ká ka orí pín in. Èrò mi ni pé kí ẹ gba ìdí-igi, bí wọ́n bá kà yín sí ìdí-igi kan pé, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Owó lè kéré díẹ̀ sí ohun tí ẹ fẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwé yẹn, kò ní sí ẹni tó tún lè sọ fún àwọn ọmọ yín pé owó ìkẹ́rù ló kàn wọ́n.

———

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn: ṣé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ "arọ́ta" sínú àdéhùn náà? Tí wọ́n bá takú pé àfi kí ó wà níbẹ̀, ẹ gbà. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ bàbá ńlá yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, àti ìlú tí ó ti wá bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì kọ iye ìpín yín ní náírà sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò.